Tráfíkétọ̀ Ara Tírélà: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Àléébù Rẹ̀ Wà

Ẹnikẹ́ni tó bá ń rìn lójú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tàbí lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọrẹ, tàbí lójú ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdírókò, mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kan tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá kì í fa ẹrù kọjá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Símẹ́ńtì ń jáde láti Ìbéṣe àti Ewékorò, òkúta ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, ẹrù sì ń bọ̀ láti èbúté Àpápá. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àwọn kan ń fi píkọ́ọ̀pù fa jẹnẹrétọ̀ lọ sí òde ìnáwó, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi í fa kẹ̀kẹ́ ẹrù láti oko wá sí ọjà. Bí ọkọ̀ wọ̀nyí ti yàtọ̀ síra tó, ohun kan pa wọ́n pọ̀: ẹni tó wà lẹ́yìn wọn kò rí iwájú. Ohun tí iná ẹ̀yìn bá sọ fún un ni ó gbà gbọ́.

Iná tó ń tọ́ka ibi tí ọkọ̀ fẹ́ yà sí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí tráfíkétọ̀, ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn iná náà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún ojú pópó, apá òsì ni a ti ń ya ọkọ̀ tó wà níwájú ẹni sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ tó ní tírélà lẹ́yìn bá fẹ́ yà sí òsì, ọ̀nà ẹni tó fẹ́ yà á sílẹ̀ gan-an ni yóò dí. Bákan náà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tírélà ní ilẹ̀ wa a máa fi tráfíkétọ̀ bá ẹni tó wà lẹ́yìn sọ̀rọ̀: bí wọ́n bá tan ti òsì, wọ́n ń sọ pé kí ó má ṣe jáde nítorí ọkọ̀ ń bọ̀ níwájú, bí wọ́n bá tan ti ọ̀tún, wọ́n ń sọ pé kí ó máa bọ̀. Kì í ṣe òfin, àṣà ojú ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí wáyà ara tírélà bá ti gbé ti òsì fún ti ọ̀tún, awakọ̀ yóò máa sọ pé "má bọ̀," iná rẹ̀ yóò sì máa sọ pé "máa bọ̀." Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà tàbí nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn kò ní ọ̀nà láti mọ̀ pé irọ́ ni iná náà ń pa.

Nígbà tí tráfíkétọ̀ tírélà bá ṣe ségesège, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni kí wọ́n ra gílóòbù tuntun, kí wọ́n sì pààrọ̀ fílásà. Owó a lọ, àléébù a dúró. Ìdí ni pé ibi tí ìṣòro ti máa ń wá jù ni oríkèé tó so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, ìyẹn púlọ́ọ̀gì, àti wáyà tó ń gbé iná padà. Bí a bá yẹ nǹkan wò ní ẹsẹẹsẹ, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le, a ó tètè bá àléébù náà níbi tó sá pamọ́ sí.

Bí iná ṣe ń dé ẹ̀yìn tírélà

Nínú àlàyé yìí, "ọkọ̀ tó ń fà" ni a ó máa pe èyí tó ní ẹ́ńjìnnì. "Tírélà" ni a ó máa pe ohunkóhun tó ní táyà tí a so mọ́ ọn lẹ́yìn, ìbáà tóbi, ìbáà kéré.

Láti inú bátìrì ni iná ti ń gbéra. Ó gba inú fíúsì kọjá, ó sì dé ọ̀dọ̀ fílásà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa já iná kí ó sì máa so ó padà, kí ó lè máa ṣẹ́jú. Súwíìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì ni ó ń yan ọ̀nà tí iná yóò gbà, òsì tàbí ọ̀tún. Nígbà tí iná bá dé ìdí ọkọ̀ tó ń fà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fà á lé púlọ́ọ̀gì tírélà lọ́wọ́, wáyà abẹ́ tírélà sì gbé e dé inú gílóòbù.

Ìrìn rẹ̀ kò tíì parí síbẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ bátìrì kí gílóòbù tó lè tàn. Ọ̀nà tó gbà padà ni àwọn rìwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Lára ọ̀pọ̀ tírélà, wáyà ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo iná ń bá padà: ti òsì, ti ọ̀tún, ti bíréèkì àti iná ẹ̀yìn. Ó dà bí ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan péré ni wọ́n ń gbà jáde. Bí ilẹ̀kùn náà bá há, gbogbo ará ilé ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ ya ọkọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, tó sì jìnnà sí ojú pópó. Ẹ fa háńbíréèkì, kí ẹ sì fi igi dí abẹ́ táyà. Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ yìí gbà: kí ẹnì kan jókòó sí ìdí sítíárì, kí ẹnì kejì dúró lẹ́yìn, kí ó máa ké sí i ohun tó ń rí.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tírélà kúrò, kí ẹ sì dán iná ọkọ̀ tó ń fà wò ní òun nìkan: òsì, ọ̀tún, bíréèkì, iná ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá tàn dáadáa, ara ọkọ̀ yẹn ni àléébù wà, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan tírélà. Bí gbogbo rẹ̀ bá tàn bó ti yẹ, ẹ ki púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ sì tún wọn dán wò. Bí ìdàrúdàpọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí púlọ́ọ̀gì wọlé, a jẹ́ pé ìdí púlọ́ọ̀gì tàbí ara tírélà ni a ó ti wá a. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn tí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti agbára iná rẹ̀ bá tírélà yẹn mu, ẹ so tírélà mọ́ ọn. Bí àléébù bá tẹ̀ lé tírélà lọ, tírélà ni ó ni ín. Bí ó bá dúró ti ọkọ̀ tó ń fà, ọkọ̀ yẹn ni ó ni ín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tan iná ewu, èyí tó ń mú kí tráfíkétọ̀ òsì àti ọ̀tún máa ṣẹ́jú pọ̀. Gílóòbù àti wáyà kan náà ni ó ń lò. Bí iná ewu bá ń ṣẹ́jú lẹ́yìn tírélà, tí tráfíkétọ̀ kò sì tàn, gílóòbù, púlọ́ọ̀gì àti ẹ́ẹ̀tì kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Súwíìṣì ìdí sítíárì tàbí fíúsì tráfíkétọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ohun tí iná ń ṣe, àti ohun tó túmọ̀ sí

Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kò bá tàn rárá: Ẹ kọ́kọ́ yọ gílóòbù ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ kejì tó ń tàn sí ipò rẹ̀. Bí ó bá tàn, gílóòbù ti jó ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá tàn, ẹ wo inú ihò gílóòbù bóyá ó ti dípẹtà, lẹ́yìn náà kí ẹ wo inú púlọ́ọ̀gì. Àwọn ìka irin inú púlọ́ọ̀gì a máa fún pọ̀ nítorí ìkìbọ̀ àti ìyọkúrò lemọ́lemọ́, wọn kì í sì í gbá ara wọn mú mọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ tín-ín-rín la wọn díẹ̀, kí ẹ sì fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò. Ẹ ti pa iná ọkọ̀ kí ẹ tó ṣe èyí, kí irin má baà so ìka méjì pọ̀ kí fíúsì sì jó.

Bí iná bá ń ṣẹ́jú kánmọ́kánmọ́: Tráfíkétọ̀ tó dára a máa ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bí gílóòbù kan bá jó, fílásà a yára ju bẹ́ẹ̀ lọ láti fi kìlọ̀ fún awakọ̀. Ẹ wá gílóòbù tó kú, ìbáà jẹ́ ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ooru inú fílásà wọn ni ó ń já iná, nítorí náà bí gílóòbù bá jó, iná wọn lè máa falẹ̀ tàbí kí ó dúró gbagidi láìṣẹ́jú. Bí gílóòbù tírélà bá sì kún ti ọkọ̀, ẹrù a pọ̀ jù fún fílásà, a sì máa yára. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Gílóòbù tráfíkétọ̀ kan jẹ́ 21 wáàtì. Lára ọkọ̀ tó ń lo 12 fóòtì, méjì lápapọ̀ jẹ́ 42 wáàtì. Bí ti tírélà bá kún un, ó di 63. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò fílásà tó lágbára láti gbé ti tírélà mọ́ tirẹ̀.

Bí tírélà bá ń lo iná LED, ọ̀rọ̀ náà tún yí padà. Iná LED kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà fílásà lè rò pé gílóòbù kan ti jó, kí ó sì máa yára bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo iná ń tàn. Fílásà tí a ṣe fún LED ni ojútùú rẹ̀.

Bí iná tírélà bá ṣókùnkùn, tàbí tí gbogbo wọn ń ṣẹ́jú pọ̀: Ẹ tan òsì, ọ̀tún náà ń ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì, tráfíkétọ̀ dákẹ́, ẹ tan iná ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Àmì ẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ nìyí. Nígbà tí iná kò rí ilẹ̀kùn tirẹ̀ gbà jáde, inú gílóòbù àwọn yòókù ni yóò gbà wá ọ̀nà padà, ìdí sì nìyẹn tí gílóòbù tí ẹnikẹ́ni kò pè fi ń dáhùn. Láti mọ̀ dájú, ẹ mú wáyà gígùn kan, kí ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ irin mímọ́ lára ọkọ̀ tó ń fà, kí ẹ sì fi orí kejì kan ibi tí ẹ́ẹ̀tì iná tírélà wà. Bí gbogbo iná bá tan yòò, ẹ ti rí àléébù náà.

Ọ̀pọ̀ tírélà ni kò ní wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́, tó jẹ́ pé irin tó so wọ́n mọ́ ọkọ̀ iwájú ni iná ń bá padà. Èyí kò dára. Gíríìsì ni a fi ń pa oríkèé yẹn, eruku àti ìpẹtà sì wà níbẹ̀, iná a sì máa já bí ọkọ̀ bá ti ń jó lórí kòtò. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà fa wáyà ẹ́ẹ̀tì tó nípọn láti inú púlọ́ọ̀gì dé ìdí gílóòbù kọ̀ọ̀kan.

Bí òsì bá ń fi ọ̀tún hàn: Wọ́n ti gbé wáyà fún ara wọn nínú púlọ́ọ̀gì. Èyí ni ó léwu jù lọ, nítorí pé gbogbo iná ni yóò máa tàn, awakọ̀ kò sì ní fura. A fi kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wò ó.

Bí fíúsì bá ń jó léraléra: Wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin tírélà. Ẹ wo ibi tí wáyà ti gba inú ihò irin kọjá, ibi tó ti súnmọ́ táyà, àti ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe fi fíúsì tó tóbi ju èyí tí a kọ sára àpótí lọ sí i, ẹ má sì fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀. Fíúsì tó jó ti gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ iná ni.

Ẹ ṣọ́ra fún púlọ́ọ̀gì tí kò bára mu

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti píkọ́ọ̀pù ń lo 12 fóòtì. Orí tírélà ńlá ń lo 24. Gílóòbù 12 tí a bá fi sára ọkọ̀ tó ń lo 24 yóò jó lójú ẹsẹ̀. Gílóòbù 24 lára ọkọ̀ tó ń lo 12 yóò máa tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà ní ìdí gílóòbù kí ẹ tó sanwó.

Púlọ́ọ̀gì tó ní ìka 7 ni ó wọ́pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń rí èyí tó ní 13 lára ọkọ̀ kéékèèké, àti èyí tó ní 15 lára àwọn ọkọ̀ ńlá. Nínú èyí tó ní 7 tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Yúróòpù, wáyà yẹ́lò ni òsì, aláwọ̀ ewé ni ọ̀tún, pupa ni bíréèkì, funfun sì ni ẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ipò wọn kò dọ́gba. Nínú ti 12 fóòtì, òsì wà ní ìka 1, ọ̀tún ní ìka 4, ẹ́ẹ̀tì ní ìka 3. Nínú ti 24 fóòtì, òsì wà ní ìka 3, ọ̀tún ní ìka 5, ẹ́ẹ̀tì sì wà ní ìka 1. Rìwáyà tó bá fi nọ́ńbà ti ọ̀kan so èkejì yóò dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ tírélà ni wọ́n ti tún wáyà wọn fà pẹ̀lú àwọ̀ tó bá wà nílẹ̀. Ẹ fi tẹ́sítà yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ẹ má gbẹ́kẹ̀lé àwọ̀ nìkan.

Àwọn tó ń lo ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Lára púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, gílóòbù pupa kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ bíréèkì àti ti tráfíkétọ̀. Púlọ́ọ̀gì oníwáyà 4 tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ní ẹ́ẹ̀tì funfun, iná ẹ̀yìn búráùn, yẹ́lò tó ń gbé òsì pọ̀ mọ́ bíréèkì, àti aláwọ̀ ewé tó ń gbé ọ̀tún pọ̀ mọ́ bíréèkì. Tírélà tó wá láti Yúróòpù ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a bá kàn so wọ́n pọ̀ ní tààràtà, tráfíkétọ̀ tírélà yóò máa tàn nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tàbí kí iná bíréèkì rẹ̀ má tàn rárá. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńfátà, tó ń ya iná méjèèjì sọ́tọ̀ tàbí tó ń pa wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà tó mọṣẹ́ fi í sí i.

Ìtọ́jú nígbà òjò

Omi ni ọ̀tá púlọ́ọ̀gì. Ẹ máa pa ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì dé nígbà tí ẹ kò bá lò ó, ẹ má sì jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì tírélà wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹ so wáyà rẹ̀ sókè kí ó má baà máa wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ní àyè tó láti tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá yí ìyànà. Níbi tí wáyà bá ti já, kí rìwáyà jó o pọ̀ tàbí kí ó fi irin ìsowáyà dè é, kí ó sì bò ó dáadáa. Lílọ́ ọ pọ̀ lásán kí a fi téèpù wé e kì í pẹ́ kó tó jẹrà. Ẹ sì kíyè sí èyí: wáyà tó ti jẹrà nínú lè tan gílóòbù kékeré inú tẹ́sítà, síbẹ̀ kí ó má lè gbé gílóòbù 21 wáàtì. Gílóòbù gidi ni ẹlẹ́rìí òdodo.

Bí iná bá kú lójú ọ̀nà

Ẹ má ṣe máa bá ìrìn àjò lọ ní òru pẹ̀lú tírélà tí kò ní iná. Ẹ yà sí ibi tí ọkọ̀ kò ti ní dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ tan iná ewu tí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gbé àmì onígun mẹ́ta tó ń dán kalẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn tírélà. Ewé àti ẹ̀ka igi kì í dán lóru, wọn kò lè rọ́pò àmì yìí. Bí ilẹ̀ bá ṣì mọ́, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ sún ọkọ̀ dé ibi àtúnṣe tó wà nítòsí, ẹ rọra lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ọwọ́ tí awakọ̀ nà síta lójú fèrèsé kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ẹni tó wà lẹ́yìn tírélà gígùn. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà 122 ni ẹ ó fi pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, láìsanwó. Àwọn òṣìṣẹ́ TRACE ìpínlẹ̀ wa náà wà lójú pópó láti ṣèrànwọ́.

Kí ọkọ̀ tó gbéra ní òwúrọ̀, ohun márùn-ún yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ:

1. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì wọlé dáadáa, kí ẹ sì rí i pé ó gbá mú.
2. Kí mọ́tò-bọ́ì tàbí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn tírélà.
3. Ẹ tan òsì, kí ó dáhùn "òsì", ẹ tan ọ̀tún, kí ó dáhùn "ọ̀tún."
4. Ẹ tan iná ẹ̀yìn, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ sì tún tan òsì àti ọ̀tún bí bíréèkì ti wà ní títẹ̀. Ìgbà yìí ni ẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ máa ń tú ara rẹ̀ fó.
5. Ẹ fi àkísà nu eruku àti ẹrẹ̀ kúrò lójú iná.

Bí ẹni tó dúró lẹ́yìn kò bá rí ohun tí ẹ ní lọ́kàn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lójú pópó kò ní rí i pẹ̀lú. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbéra.